Hóró Ẹ̀gúsí Méje

Nígbà náà, Bàbá Olówòlagbà ṣì wà láyé, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò kọjá lórí òrùlé ilé baba rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kì í sì í wo ìsàlẹ̀ omi. Tíṣà Àjàgbé ṣì wà láyé, òun ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé kẹ́yìn ní Òkè-Aṣálà, ó sì di ìyókù ṣọ́ọ̀kì náà sétí aṣọ bí ìgbà tí ìyá di ìwọ́ ọmọ pamọ́. Àwọn tó sá fún òkun láti Ìlú Ìsàlẹ̀ kò tíì kú tán, ènìyàn ṣì ń rí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí ọjà wà kí omi tó gbé e mì. Màmá Ìbídùn náà wà láyé, ohùn rẹ̀ sì ṣì wà lọ́fun rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, orí àga àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n kó àwọn olùkọ́ méjìlá sí, orúnkún kálukú wọn ga dé àyà. Mopélọ́lá wà láàárín wọn. Ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú bóyá kí òun hù ló dúró níwájú, tó ń kọ́ wọn bí ọmọ ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má pè mí lọ́gàá mọ́," ni ó wí. Àjọ Ohùn ló rán an wá láti olú-ìlú. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ń yí àwọ̀ bí alágẹmọ, bí inú rẹ̀ bá dùn, á di àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣáá ni láti àárọ̀. "Níbi tí ìjíròrò bá wà, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Fọlárìn lásán ni kí ẹ máa pè mí."

"A dúpẹ́, Ọ̀gá Fọlárìn Lásán," ni Tíṣà Lápité dáhùn láti ẹ̀yìn.

Tíṣà Lápité ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Bó bá ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, iṣan kan kì í mì lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Lásán di orúkọ ọmọkùnrin náà ní gbogbo Òkè-Aṣálà, títí kan àwọn tó ń yan ẹja létí omi.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síta, nítorí Etí wà lókè. Kò sí kíláàsì tí Etí kò sí, ó rọ̀ sábẹ́ àjà bí akèrègbè tí ẹnì kan gbé kọ́ tó gbàgbé. Bí ohùn bá ń jáde, iná ara rẹ̀ á tàn bí ewé tuntun. Bí gbogbo ẹnu bá dákẹ́ ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ, á pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, òfò nìyẹn. Òfò ni Àjọ ń kà lópin sáà láti mọ olùkọ́ tí yóò dúró àti èyí tí yóò lọ máa kó yanrìn létí òkun. Etí kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè mìíràn. Ohùn nìkan ló ń gbọ́.

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa kò le rárá," Lásán wí, ó na ìka mẹ́ta sókè. "Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ. Mo fẹ́ fi kún un. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjíròrò ti dé nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ pọ̀."

Àwọn àgbàlagbà méjìlá, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti sin òkú, tí wọ́n ti fojú ara wọn rí i bí òkun ṣe gba ìlú lọ́wọ́ ọba, la ẹnu, wọ́n sì kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Etí tàn yòò. Ẹ̀wù ọrùn Lásán náà tàn.

"Kí ẹ sì rántí ìlẹ̀kẹ̀ yín." Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn ọwọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, Àjọ ló so ó mọ́ wọn. "Igba ọ̀rọ̀ ni olùkọ́ ní fún ẹ̀kọ́ kan. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, á ta yín bí ìjàlọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀."

Tíṣà Lápité nawọ́. "Bí igba ọ̀rọ̀ mi bá ti tán ńkọ́, tí ọmọ kan wá gun ojú fèrèsé tó fẹ́ já bọ́?"

"Ìbéèrè rẹ dára. Má pàṣẹ fún un. Bi í léèrè ohun tí fèrèsé náà ń sọ fún un."

"Ẹnu wo ni n ó fi bi í?"

Lásán rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn á padà síbẹ̀. Wọn kò padà síbẹ̀.

Ohun tó kàn ni ife ẹ̀yẹ. Kíláàsì kan ti ta gbogbo agbègbè yọ, Etí ibẹ̀ kò pọ́n lẹ́ẹ̀kan láti oṣù mẹ́ta, kíláàsì Tíṣà Lápité sì ni. Wọ́n kó ọmọ méjìdínlógún wọlé kí àwọn olùkọ́ yòókù lè fi wọ́n kọ́gbọ́n. Ọmọbìnrin tó ṣáájú kúnlẹ̀ lábẹ́ àjà.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Etí."

Nígbà tó kí i tán, ó jókòó, ó kọjú sí ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "O kú ìjókòó o."

"O kú ìrìn. Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sójú omi."

"Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá Àgbà ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ yín ńkọ́?"

"Ó bí méjì lánàá."

"Ẹ kú ewu. Ṣé akọ ni àbí abo?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, láti ẹnu dé ẹnu, láti ìjókòó dé ìjókòó, gbogbo ẹbí, gbogbo ẹran ọ̀sìn, gbogbo àárẹ̀ tó wà ní Òkè-Aṣálà, fún odidi wákàtí kan. Omi lé ròrò sójú Lásán. "Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀," ni ó ń sọ. Ilé gogoro kan ló ti dàgbà ní olú-ìlú, níbi tí ènìyàn ti ń kọjá lára aládùúgbò bí ẹni kọjá lára òpó. Ó gbọ́ ìkíni, kò dá a mọ̀. Irú ẹni tí wọ́n rán wá kọ́ àwọn olùkọ́ nìyẹn.

"Ohùn ni wọ́n ní àwọn fẹ́," Tíṣà Lápité sọ sí Mopélọ́lá létí nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀ dé. "Mo ti di í fún wọn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó kún Etí."

Mopélọ́lá kò rí ẹ̀rín rín, nítorí Lásán ti ń tọ́ka sí i. Kí ó dúró, kí àwọn yòókù máa lọ.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Lásán la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ Etí sì yọ sórí awọ ara rẹ̀ ní ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé.

"Ìwọ lo ní òfò jù lọ ní agbègbè yìí," ni ó wí. Mopélọ́lá lè bí àbúrò rẹ̀, ìwọ náà ló ń pè é. "Wò ó. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, pupa. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ohun tí kò wá yé mi ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Mo tẹ́tí sí ohùn tí Etí gbà pamọ́, àwọn ọmọ rẹ ń sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, wọn kò lo ìkankan nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ń já ara wọn nírọ́. Ẹnì kan ń sunkún níbí. Ta ló kọ́ ọ?"

"Mo kàn máa ń sinmi díẹ̀ ni."

"Ènìyàn kì í sinmi lọ́nà tó gún tó báyìí. Ẹnì kan kọ́ ọ." Ó jókòó tì í, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. "Mopélọ́lá, ìrànlọ́wọ́ ni mo wá ṣe. O mọ Òfin Ohùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Fún mi lórúkọ kan péré. A ó fi òjá ọ̀fun sí i lọ́rùn, kò dun ni, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ìwọ á sì máa bá kíláàsì rẹ lọ."

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lóòótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá sì ti wé e mọ́ lọ́rùn, ohùn kò tún ní jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi gbé e sínú ilẹ̀.

"Bí n kò bá ní orúkọ ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹlẹ́nu á wọ kíláàsì rẹ."

Mopélọ́lá ti rí Ẹlẹ́nu rí ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìkọjá omi. Àpótí kan ni, ó ga tó ọmọ ọdún méje. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ló ń béèrè ìbéèrè, ọmọ tí kò bá sì tètè dáhùn, á máa pe orúkọ rẹ̀, á máa pè é, á máa pè é, títí nǹkan kan á fi ti ẹnu ọmọ náà jáde. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lò: "Mo gbà pẹ̀lú rẹ" ni wọ́n ń dá a lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bi wọ́n ní iye ẹsẹ̀ tí ajá ní.

Mopélọ́lá ti ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀. Ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, kò bó o.

Ọ̀rọ̀ Málọmọ́ ló wá sí i lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Málọmọ́, òkun ló gbé ìyá rẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, odidi ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan, Mopélọ́lá bi kíláàsì léèrè ohun tó sọ omi kànga Òkè-Aṣálà di oníyọ̀. Ó béèrè, ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí nínú àpò. Etí pọ́n. Ní hóró karùn-ún, Málọmọ́ gbé orí sókè. Ní èkeje, ó la ẹnu, ohùn náà há bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Òkun ò tíì fi wá sílẹ̀," ni ó wí. "Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà bọ̀."

Kíláàsì dàrú. Òmíràn ní irọ́ ni, òmíràn ní òun ti gbẹ́ ilẹ̀ rí tó sì tutù, òmíràn sunkún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ tọ́ omi kànga mẹ́fà wò láti etí òkun dé orí òkè, iyọ̀ ń dínkù bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ọmọ tó yadi ló rí ohun tí àwọn oníwèé Àjọ kò rí. Kí Ẹlẹ́nu wá dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó máa pariwo orúkọ rẹ̀?

Bí Mopélọ́lá bá sì dárúkọ, ta ni? Orúkọ kan ṣoṣo ló wà.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lù, àwọn olùkọ́ máa ń rọra yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Ìbídùn bí ẹni tó wá bá arúgbó bó ẹ̀gúsí. Tíṣà ni Màmá Ìbídùn nígbà ayé Ìlú Ìsàlẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò ní ìwé, kò ní ẹ̀rọ, kò sì ní gbólóhùn mẹ́ta. Atẹ ẹ̀gúsí kan ló ní àti ìdérí ìkòkò tó ń da èyí tó bá bó sí. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìbéèrè kan tó kùnà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà wá, ohun tó bi àwọn ọmọ tí wọ́n kàn ń wò ó. Bó bá ti sọ ọ́ tán, Màmá á bó hóró méje kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Mopélọ́lá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tòun ti ẹkún. Ó ní àwọn ọmọ kì í dá òun lóhùn, bí òun bá béèrè, òun náà ló ń dáhùn.

"Ọmọ tó o bi léèrè, inú yàrá ló lọ wá ìdáhùn," ni Màmá Ìbídùn sọ fún un nígbà náà. "Kò tíì bẹ̀rẹ̀ gbé e, ìwọ ti ń gbá ilẹ̀kùn. Kí ló fẹ́ ṣe ju kó jáde lọ́wọ́ òfo? Bi í, kí o bó méje, kí o tó la ẹnu."

"Kí ló dé tó jẹ́ méje, Màmá?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níbi ẹ̀fà ni sùúrù olùkọ́ ti máa ń tán. Kí o wá fi ọ̀kan lé e."

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì tí Lásán dá, Mopélọ́lá lọ. Kò mọ ìdí tó fi lọ. Bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan bi òun.

"Ọ̀gá Lásán ti kọ́ wa ní gbólóhùn mẹ́ta, Màmá," Tíṣà Lápité ń ròyìn. "A ti di ènìyàn."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá Ìbídùn ronú sí i. "Ẹyẹ odídẹrẹ́ tí bàbá mi ní mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni ó wí, "ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sá fún ológbò." Ó wá kọjú sí òpó tí Mopélọ́lá fẹ̀yìn tì. "Mopé, ìwọ ńkọ́? Ìbéèrè wo ló kùnà lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Kò sí, Màmá."

Màmá Ìbídùn bó ẹ̀gúsí kan. Ó bó èkejì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Mopélọ́lá, ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá dé ọ̀fun Mopélọ́lá, ó dé ìdí ahọ́n, ó sì gbé e mì. Nígbà tí èkeje bọ́ sínú ìdérí, arúgbó náà mi orí díẹ̀, ó yí sí ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn kò tíì gòkè, Mopélọ́lá sọ orúkọ kan fún ọmọkùnrin tó wọ ẹ̀wù alágẹmọ. Ó gbà pé nítorí Málọmọ́ ni. Nítorí Málọmọ́ ni lóòótọ́, ó sì tún jẹ́ nítorí pé kò fẹ́ kó yanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, kó lọ bi í.

"O ti ran ìlú lọ́wọ́," Lásán wí, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ tàn bí oko ìrẹsì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lọ. Obìnrin méjì gbé àpótí òjá náà, Lásán ṣíwájú, àwọn olùkọ́ sì dúró sẹ́yìn nítorí wọ́n ní kí gbogbo wọn wá wò ó. Nídìí atẹ ẹ̀gúsí ni wọ́n ti bá Màmá Ìbídùn. Lásán ka ẹ̀sùn sí i létí. Ó ní nítorí pé Àjọ fẹ́ràn ohùn gbogbo ènìyàn, wọ́n gbà á láyè kí ó sọ ohun ìkẹyìn tó bá fẹ́ sọ.

"N kò ní nǹkan kan láti sọ," ni Màmá Ìbídùn dáhùn. "Ìbéèrè ni mo ní. Fọlárìn, kí ni ọmọdé kan sọ fún ọ rí tí ìwọ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó mú ẹ̀gúsí. Pá, ọ̀kan bọ́. Pá, èkejì. Lásán la ẹnu, kò rí nǹkan fi sí i, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti etí ọrùn wá sísàlẹ̀. Ní hóró kẹta, ó yẹjú.

"Ẹ wé e mọ́ ọn lọ́rùn," ni ó wí.

Wọ́n wé e mọ́ ọn. Màmá Ìbídùn dán ohùn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń wò ó bóyá omi kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sí. Ó fa atẹ rẹ̀ mọ́ra.

Ibí yìí ni ọgbọ́n Àjọ Ohùn ti fojú hàn kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n mú obìnrin tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láyé jẹ́ kó dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè ronú, wọ́n ní ìyà tó tọ́ sí i ni kó dákẹ́. Wọ́n ju ẹja sódò, wọ́n ní kó lọ kú síbẹ̀. Wọ́n padà sí olú-ìlú, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn olùkọ́ wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n jókòó yí atẹ ká. Màmá Ìbídùn na ọwọ́ sí Tíṣà Lápité, ó tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ó dúró. Lápité wò yíká. Ó wá ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ ìbéèrè tó kùnà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní òun bi àwọn ọmọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò, ọ̀kan nínú wọn sì kí òun pé ẹ kú iṣẹ́.

"Mo rò pé Àjọ ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́," ni ó wí. "Àwọn ọmọ náà ni mo fi ṣe é."

Pá, pá, pá, títí dé méje. Kò sí ohùn Màmá mọ́ láti gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn èkeje. Àwọn fúnra wọn ló kù. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n jà, wọ́n parí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Lápité gbé ife ẹ̀yẹ rẹ̀ wá láti máa fi bu omi mu, àwọn olùkọ́ láti ìkọjá omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ọkọ̀ Bàbá Olówòlagbà. Láti méjìlá, wọ́n di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lásán wá wò lẹ́ẹ̀kan. Arúgbó tó fi òjá wé ọ̀fun ló bá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò sí apá ibì kankan nínú Òfin Ohùn tó lè fi mú un. Ó kọ ọ́ pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Mopélọ́lá ń wá. Kíláàsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Málọmọ́ sì ti di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí ẹlòmíràn náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn òpó ló ń jókòó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn án, á ní, "Kò sí." Màmá Ìbídùn á bó méje fún un, kì í dín, kì í lé, á sì kọjá sí ẹni tó kàn. Oṣù mọ́kànlá ló fi gbé e mì bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó sọ orúkọ. Tíṣà Lápité kò bi í, ṣùgbọ́n kò pè é ní àbúrò mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́ ni. Oòrùn ọ̀sán lé sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló pé, àwọn tó dé kẹ́yìn jókòó sórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yí, ó dé ẹ̀yìn òpó.

"Ọ̀kan wà," Mopélọ́lá wí.

Gbogbo orí yí sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ta á, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ kejì bò ó mọ́lẹ̀.

"Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ìbéèrè náà kò kùnà. Èmi ni mo kùnà. Màmá, èmi ni mo dárúkọ yín. Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bi mí, ó wà lẹ́nu mi, mo ní kò sí. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí n ṣì máa wá."

Màmá Ìbídùn wò ó. Kò jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, ó na ẹsẹ̀, ó mú ẹ̀gúsí.

Pá. Èkíní bọ́ sínú ìdérí. Èkejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Tíṣà Lápité dijú. Ìkarùn-ún pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹfà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bọ́ ṣáá. Ó wá mú ìkan sí i.

Wọ́n dúró. Òun ló kọ́ wọn láti dúró, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Ojú Màmá Ìbídùn là sílẹ̀ sí Mopélọ́lá, Mopélọ́lá náà kò sì gbé ojú rẹ̀ kúrò, ó pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní kánjú, bó bá gba títí di alẹ́. Oòrùn sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó dé ilẹ̀, ó fa ara rẹ̀ jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Olówòlagbà ló wá pe àwọn ará ìkọjá omi pé ọkọ̀ ti ṣetán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó dákẹ́, ó wo arúgbó náà, ó sì ṣe ohun tí kì í ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀, sójú rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà.

Ọjọ́ tí Màmá Ìbídùn kú nìyẹn. Hóró mẹ́fà ló wà nínú ìdérí ìkòkò. Èkeje wà láàárín ìka rẹ̀, ó ti sán, kò tíì ṣí.